Bí A Ṣe Ń Ta Klondike, Eré Káàdì Àdáta

Irú àròkọ: Àròkọ aṣàlàyé

Ọ̀rọ̀ ìṣáájú fún akẹ́kọ̀ọ́

Bí olùdánwò bá ní kí o ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe nǹkan kan, ìbáà jẹ́ bí a ṣe ń se ọbẹ̀, bí a ṣe ń pa aró tàbí bí a ṣe ń ta eré kan, ohun kan pàtàkì ni ó ń wò. Ṣé ẹni tí kò ṣe nǹkan náà rí lè ka àròkọ rẹ kí ó sì ṣe é láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ọwọ́ wọn mọ iṣẹ́ kan dáadáa ṣùgbọ́n tí wọn kò lè fi ọ̀rọ̀ là á yé ẹlòmíràn. Kí ìwọ má baà wà lára wọn, fi nǹkan mẹ́rin yìí sọ́kàn:

(i) Dárúkọ gbogbo ohun èlò kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí a ṣe ń lò wọ́n.
(ii) To àwọn ìgbésẹ̀ tẹ̀ léra bí wọ́n ṣe ń ṣẹlẹ̀. Má ṣe fò lọ síwájú kí o tún padà sẹ́yìn.
(iii) Bí o bá sọ nǹkan kan lórúkọ, orúkọ náà ni kí o máa pè é títí dé òpin.
(iv) Má ṣe sọ òfin lásán. Sọ ìdí tí òfin náà fi wà, kí òǹkàwé lè rántí rẹ̀.

Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: ohun tí eré àdáta jẹ́ àti bí ó ṣe ti pẹ́ tó
2. Àwọn káàdì àti ìdílé wọn
3. Bí a ṣe ń tò wọ́n sílẹ̀
4. Òfin eré náà
5. Àpẹẹrẹ kan
6. Ọgbọ́n títa àti ipa oríire
7. Òótọ́ inú nínú eré tí kò ní ẹlẹ́rìí
8. Ìgúnlẹ̀

Àròkọ náà

Púpọ̀ nínú eré tí a mọ̀ ní ilẹ̀ wa ni ó ń fẹ́ ènìyàn méjì, ó kéré tán. Ẹni méjì ní í jókòó ti ọpọ́n ayò. Ẹni méjì ní í wọ ìyá ìjà nínú ẹkẹ. Bí a bá sì ń ta káàdì Whot, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa yí tábìlì ká. Ṣùgbọ́n irú eré káàdì kan wà tí ẹnì kan ṣoṣo ń ta, tí kò sí alátakò, tí kò sì fẹ́ òǹwòran. Eré àdáta ni a ó máa pè é. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní solitaire. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń pè é ní patience, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ sùúrù. Orúkọ kejì yìí ni ó bá eré náà mu jù lọ. Àwọn àgbà wí pé sùúrù ni baba ìwà. Ẹni tí ó bá ta eré yìí yóò rí i pé sùúrù ni baba rẹ̀ pẹ̀lú.

Eré àdáta kì í ṣe ohun àná. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní èdè Jámánì ní 1783 ti mẹ́nu bà á. Ní nǹkan bí ọdún 1870, obìnrin ọlọ́lá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adelaide Cadogan, kọ odidi ìwé kan lé e lórí. Oríṣìíríṣìí ni eré àdáta, wọ́n sì pọ̀ ju ohun tí a lè kà tán lọ. Èyí tí ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni Klondike. Klondike ni orúkọ agbègbè kan ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Kánádà, níbi tí wọ́n ti rí góòlù ní 1896, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn fi ilé àti iṣẹ́ sílẹ̀ láti sáré lọ síbẹ̀. Ní 1990, ilé-iṣẹ́ Microsoft fi eré náà sínú ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Windows 3.0. Ẹni tí ó kọ ọ́ fún wọn ni Wes Cherry. Láti ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì káàkiri ayé ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá mọ eré náà dénú, káàdì gidi ni kí ó kọ́kọ́ fi kọ́ ọ.

Ohun èlò kan ṣoṣo ni a nílò, òun ni páálí káàdì kan. Kì í ṣe káàdì Whot, bí kò ṣe èyí tí ó ní àwòrán ọba àti ayaba. Bí a bá yọ Jókà kúrò nínú rẹ̀, káàdì 52 ni yóò ṣẹ́ kù. Ìdílé mẹ́rin ni wọ́n pín sí, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ 13. Ìdílé méjì jẹ́ pupa: ọkàn àti dáyámọ́ǹdì. Ìdílé méjì tí ó kù jẹ́ dúdú: sípéèdì, tí ó dà bí ewé olórí ṣóńṣó, àti kílọ́ọ̀bù, tí ó dà bí ewé oníka mẹ́ta. Nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, Éèsì ni àbíkẹ́yìn, òun ni a kà sí 1. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 2 títí dé 10. Lẹ́yìn 10 ni Jáàkì, lẹ́yìn Jáàkì ni Ayaba, lẹ́yìn Ayaba ni Ọba tí ó ga ju gbogbo wọn lọ. Ẹni tí kò bá mọ ètò yìí lórí kò tíì lè bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó tò wọ́n, a ó po gbogbo káàdì pọ̀ mọ́ra dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má lè mọ ibi tí ọ̀kan wà. Lẹ́yìn èyí ni a ó to ìlà méje láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. A ó gbé káàdì kìíní kalẹ̀ kí ojú rẹ̀ ṣí sókè. Òun ni ìlà kìíní. A ó wá to káàdì mẹ́fà sí apá ọ̀tún rẹ̀, kí gbogbo wọn dojú dé. A ó padà sí ìlà kejì, a ó gbé káàdì kan tí ojú rẹ̀ ṣí lé e, a ó sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan tí ó dojú dé lé ìlà kẹta títí dé ìkeje. Báyìí ni a ó máa ṣe é títí a ó fi dé ìlà keje. Bí a bá tò ó dáadáa, ìlà kìíní yóò ní káàdì 1, ìlà kejì yóò ní 2, ìlà kẹta 3, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìlà keje tí yóò ní 7. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 28. Káàdì tí ó wà lókè ìlà kọ̀ọ̀kan nìkan ni ojú rẹ̀ ṣí. Èyí fi hàn pé káàdì 7 ni a ń rí, 21 sì fara pamọ́.

Káàdì 24 ni yóò ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa. A ó kó wọn jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n dojú dé. Àká ni a ó máa pe ibẹ̀, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ó ti máa bu nǹkan bí ìyàn bá mú. Ẹ̀gbẹ́ àká ni a ó fi sílẹ̀ fún àwọn káàdì tí a bá mú jáde láti inú rẹ̀. A ó pe ibẹ̀ ní àtẹ. Òkè àwọn ìlà méje náà ni a ó fi àyè mẹ́rin sílẹ̀ sí, ọ̀kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan. Àyè mẹ́rin yìí ni a ó pè ní ìpìlẹ̀. Àfojúsùn eré náà kò ju ẹyọ kan lọ: kí a kó gbogbo ìdílé mẹ́rin lọ sórí ìpìlẹ̀ wọn, láti Éèsì títí dé Ọba, láìfo ọ̀kan.

Òfin tí a fi ń ṣe èyí kò pọ̀. Èkíní, lórí ìpìlẹ̀ ìdílé kan náà ni a ń gòkè: Éèsì ọkàn ni yóò kọ́kọ́ dé, 2 ọkàn yóò tẹ̀ lé e, 3 ọkàn yóò tẹ̀ lé ìyẹn. Èkejì, lórí ìlà méje ìsàlẹ̀, ńṣe ni a ń sọ̀ kalẹ̀, àwọ̀ sì gbọ́dọ̀ máa yàtọ̀. Káàdì pupa ni ó lè jókòó lórí dúdú, dúdú ni ó sì lè jókòó lórí pupa. Bí àpẹẹrẹ, 6 pupa lè gun orí 7 dúdú, ìbáà jẹ́ ti sípéèdì tàbí ti kílọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n 6 dúdú kò lè gun orí 7 dúdú láéláé. Ẹ̀kẹta, bí ọ̀wọ́ káàdì kan bá ti tò lé ara wọn báyìí, a lè gbé gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà lọ sórí ìlà mìíràn tí ó bá gbà wọ́n. Ẹ̀kẹrin, nígbàkúùgbà tí a bá gbé èyí tí ojú rẹ̀ ṣí kúrò, tí ó wá ku èyí tí ó dojú dé lókè ìlà, a ó ṣí i. Ẹ̀karùn-ún, bí ìlà kan bá ṣófo pátápátá, Ọba nìkan ni a lè fi síbẹ̀, yálà òun nìkan tàbí òun pẹ̀lú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ìdí rẹ̀ hàn gbangba: kò sí káàdì tí ó ga ju Ọba lọ tí ó lè gùn, nítorí náà bí a kò bá fún un ní àyè tirẹ̀, kò ní ibòmíràn tí yóò lọ bí kò ṣe ìpìlẹ̀ ní òpin eré.

Bí kò bá sí ohun tí a lè gbé mọ́ lórí ìlà, àká ni a ó lọ. Ọ̀nà méjì ni a fi ń bu nǹkan nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ó rọrùn ni kí a máa ṣí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí àtẹ. Ọ̀nà tí ó le ni kí a máa ṣí i ní mẹ́ta-mẹ́ta, kí ó jẹ́ pé èyí tí ó wà lókè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni a lè lò. Bí a bá lo ti òkè, èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò di lílò. Nígbà tí àká bá tán, a ó gbé gbogbo àtẹ, a ó dojú rẹ̀ dé, a ó sì tún bẹ̀rẹ̀. A kò gbọ́dọ̀ pò ó mọ́. Àwọn kan gbà kí a yí i bí ó bá ti wù wá. Àwọn mìíràn fi í mọ sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Èyí tí a bá yàn, kí a yàn án kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe nígbà tí omi bá ti fẹ́ gbé wa lọ.

Jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké. Ká ní káàdì méje tí ojú wọn ṣí nìyí, láti ìlà kìíní dé ìkeje: Jáàkì ọkàn, 9 sípéèdì, 8 dáyámọ́ǹdì, Éèsì ọkàn, 4 kílọ́ọ̀bù, 8 ọkàn, Ayaba kílọ́ọ̀bù. Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe? Éèsì kò ní iṣẹ́ kankan lórí ìlà, nítorí náà a ó gbé e lọ sí ìpìlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, a ó sì ṣí èyí tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìlà kẹrin. Ká ní 7 kílọ́ọ̀bù ni. Ọ̀rọ̀ wá ku 8 pupa méjì. Méjèèjì ni ó lè gun 9 sípéèdì, ṣùgbọ́n àyè ẹnì kan ni ó wà. Èwo ni kí a gbé? Káàdì 2 ni ó fara pamọ́ sábẹ́ 8 dáyámọ́ǹdì ní ìlà kẹta. Káàdì 5 ni ó fara pamọ́ sábẹ́ 8 ọkàn ní ìlà kẹfà. Ti ìlà kẹfà ni kí a gbé, nítorí pé ibi tí ohun ìpamọ́ pọ̀ sí ni ó yẹ kí a tètè tú. Lẹ́yìn náà, 7 kílọ́ọ̀bù yóò gun orí 8 ọkàn, a ó sì tún ṣí òmíràn ní ìlà kẹrin. Ìgbésẹ̀ mẹ́ta péré, a ti rí káàdì tuntun mẹ́ta.

Jáàkì ọkàn ńkọ́? Ó lè gun Ayaba kílọ́ọ̀bù, ìlà kìíní yóò sì ṣófo. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ òpè ti máa ń ṣìnà. Inú wọn a dùn pé àwọn ti gba àyè kan, wọ́n a sì gbé e kíá. Ṣùgbọ́n kò sí Ọba kankan níta. Ààfin tí a gbá mọ́ láìní ọba tí yóò wọ̀ ọ́ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí káàdì kankan lábẹ́ Jáàkì náà tí a ó ṣí. Bí a bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bóyá 10 dúdú lè yọ tí yóò gùn ún. Ìgbà tí Ọba bá sì yọjú, kò sí ohun tí ó ní kí a má gbé e nígbà náà. Ohun tí a lè ṣe kọ́ ni a gbọ́dọ̀ ṣe.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu bà. Kí a wo gbogbo ìlà tán kí a tó fọwọ́ kan àká, àyàfi bí ìlà kò bá ní ohun tí yóò ṣàǹfààní. Kí a má ṣe kánjú kó àwọn káàdì àárín lọ sí ìpìlẹ̀. Éèsì àti 2 kò ní ìṣòro, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sáré gbé 5 pupa lọ sókè, 4 dúdú tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn lè máà rí ibi jókòó mọ́. Ẹni tí ó bá sì ń ṣí àká ní mẹ́ta-mẹ́ta gbọ́dọ̀ rántí pé bí òun bá mú ẹyọ kan kúrò, gbogbo èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sún síwájú, èyí tí ó wà lábẹ́ lánàá sì lè wà lókè lónìí. Nítorí náà, a lè mọ̀ọ́mọ̀ fi káàdì kan sílẹ̀ tàbí mú un kí a lè rí òmíràn.

Síbẹ̀, ọgbọ́n nìkan kò tó. Ọ̀nà tí káàdì 52 lè gbà tẹ̀ léra pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, yóò gba òǹkà 68 lórí ìlà kan. Àwọn onímọ̀ ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìwádìí pé bí ẹni tí ó ń ta á bá mọ ibi tí gbogbo káàdì wà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì ń ṣí àká ní mẹ́ta-mẹ́ta láìsí òdiwọ̀n iye ìgbà, nǹkan bí 82 nínú 100 ni ó ṣeé ta já. Àwa tí a kò rí abẹ́ káàdì kò lè retí iye yẹn rárá. Ìyókù, bí o gbọ́n bí Ìjàpá, kò ní já.

Ọ̀rọ̀ pé mélòó ni yóò já nínú mélòó yìí ti ran ayé lọ́wọ́ rí. Ní 1946, Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Póláńdì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, ń gba ìwòsàn lẹ́yìn àìsàn líle. Eré àdáta kan tí ń jẹ́ Canfield ni ó fi ń pa ìrònú rẹ́. Ó gbìyànjú láti fi ìṣirò mọ bí oríire ti pọ̀ tó nínú rẹ̀, ó sì le jù. Ó wá rò ó pé yóò rọrùn bí a bá kàn ta á ní ọgọ́rùn-ún ìgbà kí a sì ka iye tí ó já. Èrò kékeré yìí ni òun àti John von Neumann sọ di ọ̀nà ìṣirò tí a ń pè ní Monte Carlo, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣì ń lò títí di òní. A kò lè fojú tín-ínrín eré tí ó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wá kù tí ó ṣe pàtàkì ju ọgbọ́n àti oríire lọ. Nínú eré yìí, kò sí ẹni tí ó ń ṣọ́ wa. Bí eré bá há, tí a sì mọ̀ pé Ayaba tí a ń wá lè wà lábẹ́ ìlà keje, ọwọ́ a máa yún ni láti yọjú wò ó. Àwọn kan a yọjú. Àwọn mìíràn a gbé pupa lé pupa, wọ́n a ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ta ni wọ́n rẹ́ jẹ? Nínú ayò, ẹni tí ó bá jí ọmọ ayò gbé ti fi ti ẹnìkejì rẹ̀ kún tirẹ̀. Nínú eré àdáta, kò sí ẹnìkejì. Ẹni tí ó bá yọjú wo káàdì tí ó dojú dé ti pa ohun kan ṣoṣo tí ó mú eré náà dùn, ìyẹn àìmọ̀ ohun tí ó wà lábẹ́. Bí ó bá sì já tán, kò lè fi yangàn fún ara rẹ̀, nítorí pé ọkàn rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Ó sàn kí a gbà pé kò já, kí a kó káàdì jọ, kí a ka iye tí ó ti dé orí ìpìlẹ̀ gẹ́gẹ́ bí máàkì wa, kí a sì tún un pò. Ẹni tí ó gba máàkì 17 láìyọjú ju ẹni tí ó fi ojú wíwò gba 52 lọ.

Ní ìparí, Klondike kò gba owó, kò gba ariwo, kò sì gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ó dára fún ẹni tí ó wà lórí ibùsùn àìsàn, ẹni tí ojò sé mọ́lé, àti àgbàlagbà tí àwọn ọmọ ti lọ sí ibi iṣẹ́. Kò dára fún ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, nítorí pé eré tí kò já ní í pe ẹ̀ẹ̀kan sí i. Kí a fi òdiwọ̀n sí i. Ẹni tí ó bá sì ń ta á yóò kọ́ bí a ṣe ń wo gbogbo ọ̀nà kí a tó gbé ẹsẹ̀, bí a ṣe ń dúró de Ọba kí a tó tú àyè sílẹ̀, àti bí a ṣe ń gba òfo láìbínú. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún.

Àkíyèsí lórí àròkọ yìí

Kíyè sí i pé òǹkọ̀wé ti sọ ohun tí àká, àtẹ, ìlà àti ìpìlẹ̀ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n nínú òfin. Kíyè sí i pẹ̀lú pé ó fi àpẹẹrẹ tẹ̀ lé òfin. Bí o bá yọ ìpínrọ̀ àpẹẹrẹ náà kúrò, òfin yóò wà lórí ahọ́n ṣùgbọ́n kò ní wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìtàn kò pọ̀ nínú àròkọ náà, nítorí pé bí a ṣe ń ta eré náà ni ìbéèrè, kì í ṣe ìtàn rẹ̀.

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Mú káàdì gidi, kí o sì to ìlà méje gẹ́gẹ́ bí àròkọ yìí ti wí. Bí ibì kan bá rú ọ lójú, tún ìpínrọ̀ náà kọ kí ó yé ju bẹ́ẹ̀ lọ.
2. Kí ni ìdí tí òǹkọ̀wé fi ní kí a má tètè gbé Jáàkì ọkàn? Fi gbólóhùn méjì péré dáhùn.
3. Kọ àròkọ tí kò dín ní 350 ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Bí a ṣe ń ta ayò ọlọ́pọ́n. (b) Bí a ṣe ń ta káàdì Whot. (d) Eré kan tí mo lè dá ṣe.